ÀYẸ̀WÒ ÒDODO: Ṣé àgbo lè wo gbogbo ọkùnrin tí kò ní sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?

Ahesọ: Àwọn tó ń ta àgbo lórí Facebook àti WhatsApp máa ń polówó pé ọkùnrin tí kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan nínú àtọ̀ rẹ̀ yóò rí ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ohun yòówù kó fà á.

Àbájáde ìwádìí: Irọ́ ni.

Láti Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun títí dé Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀jìgbò ń gbé, ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bíi ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà ni yóò ní ìṣòro àìrọ́mọbí láyé rẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ló ń gbà?

Inú kóró ẹpọ̀n ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì àtọ̀. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ 74. Nítorí náà, kò sí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó lè bẹ̀rẹ̀ kó sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ló ń darí iṣẹ́ náà?

Jíìnì ni, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a jogún lọ́wọ́ òbí. Ìwádìí lára eku fi hàn pé èròjà kan tí ara ń fi fítámìn A ṣe ló ń jí jíìnì tó ń jẹ́ STRA8. Jíìnì yìí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Nínú ènìyàn, pípín yìí ló ń sọ krómósóómù 46 di 23.

Krómósóómù Y, tí bàbá ń fún ọmọkùnrin, tún ní agbègbè mẹ́ta tí iṣẹ́ yìí kò lè ṣe láìsí wọn: AZFa, AZFb àti AZFc. Ní 1976, Tiepolo àti Zuffardi ní Ítálì rí i pé apá kan Y ti já kúrò lára àwọn ọkùnrin kan tí kò ní sẹ́ẹ̀lì àtọ̀. Bí gbogbo AZFa bá sọnù, sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kì í sí rárá. Bó bá jẹ́ AZFc nìkan, dókítà ṣì lè rí díẹ̀. Kò sí àgbo tó lè dá jíìnì tó sọnù padà.

Ṣé jíìnì nìkan ló ń fà á?

Rárá. Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú lè dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ń gbà jáde. Abẹ́rẹ́ testosterone, tí àwọn kan ń gbà torí agbára, lè mú kí ọpọlọ dáwọ́ àṣẹ tó ń pa fún kóró ẹpọ̀n dúró, kí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ sì dínkù. Ìtọ́jú wà fún irú àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ nílé ìwòsàn. Spermogramme ni wọ́n ń pè é ní Abidjan. Ẹ má bá obìnrin lòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú rẹ̀. Bí èsì kò bá dára, ẹ tún un ṣe. Bí sẹ́ẹ̀lì kankan kò bá sí, dókítà lè ní kí ẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún họ́mọ̀nù àti krómósóómù. Kí tọkọtaya jọ lọ. Ẹ má dá ìyàwó nìkan lẹ́bi.

Àkótán: Ohun tó ń fa àìsí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ pọ̀, oògùn kan ṣoṣo kò lè wo gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe pín irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.