Bí a ṣe ń parí ìjà láàrin àwọn ìdì ètò kọ̀ǹpútà

X Window System ni ètò tí ó ń gbé fèrèsé àti àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux. Ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1984. Bí a bá ń sọ ọ́ di tuntun tí iṣẹ́ náà sì dúró ní agbedeméjì, òkùnkùn biribiri ni ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà lè bá lójú rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, XFree86 ni ẹ̀dà X tí àwọn tó ń lo Linux mọ̀ jù. Nígbà tí àwọn tó ni ín yí òfin ìlò rẹ̀ padà lọ́dún 2004, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pín Linux kẹ̀yìn sí i, wọ́n gba ti X.Org. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, X.Org gbé X11R7.0 jáde: ohun tí ó ti jẹ́ odidi kan ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Debian 3.1 tí ó jáde lọ́dún 2005 ṣì ń lo XFree86, Debian 4.0, ti oṣù Kẹrin ọdún 2007, ti bọ́ sọ́dọ̀ X.Org. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kúrò nínú èkíní bọ́ sínú èkejì ni wọ́n ń bá ìjà pàdé.

Ohun tí ó ń fa ìjà

Àwọn fáìlì tí a dì pọ̀ fún iṣẹ́ kan ni ìdì ètò. Ní Debian, dpkg ni akọ̀wé tí ó mọ ìdì tí ó ni fáìlì kọ̀ọ̀kan, kì í sì í jẹ́ kí ìdì méjì ni fáìlì kan náà. Bí fáìlì bá ti ṣí kúrò nínú ìdì àtijọ́ bọ́ sínú ìdì tuntun, tí ti àtijọ́ kò sì tíì kúrò nílẹ̀, dpkg yóò kọ̀ jálẹ̀. Bákan náà, fódà /usr/X11R6/bin di ọ̀nà àbùjá sí /usr/bin. Bí fáìlì kankan bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ìdì x11-common kì í wọlé.

Bí a ṣe ń parí rẹ̀

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn iṣẹ́ yín àti fáìlì /etc/X11/XF86Config-4 pamọ́.

2. Ẹ fi «apt-get -s dist-upgrade» wo ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò kúrò, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

3. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F1 pọ̀, kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà níbi tí kò ti sí àwòrán.

4. Bí ó bá dúró, ẹ ka ohun tí ó kọ. Ẹ fi «dpkg -S» àti orúkọ fáìlì náà wá ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ ìdì àtijọ́, ẹ sọ ọ́ di tuntun tàbí kí ẹ yọ ọ́. Bí kò bá ní olówó, ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ má pa á rẹ́.

5. Ẹ fi «apt-get -f install» parí iṣẹ́, kí ẹ sì fi «dpkg-reconfigure xserver-xorg» ṣètò ojú kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan máa ń lo «--force-overwrite». Òótọ́ ni pé iṣẹ́ yóò lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ìdì tí ó gba fáìlì náà, fáìlì yóò bá a lọ, èkejì yóò sì di aláàbọ̀ ara. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

XFree86 ti kógbá wọlé. Oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni ẹ̀dà rẹ̀ ìkẹyìn jáde. Wayland sì ti ń gba ipò X lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux. Síbẹ̀, dpkg ṣì ni akọ̀wé ní Debian àti Ubuntu. Bí ó bá ti kọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí ó ni fáìlì.