Ẹgbẹ́ WASU ní Lọ́ńdọ̀nù

WASU ni àgékúrú orúkọ Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹjọ ọdún 1925. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀, àti Herbert Bankole-Bright, dókítà ará Sàró, ni wọ́n ṣagbátẹrù rẹ̀. J. B. Danquah, ọmọ Gánà, ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Ìwọ̀sí ló bí i. Ìwé ìròyìn ń pe àwọn ènìyàn wa ní ẹhànnà, onílé sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ tó ń wá yàrá gbé. Ní 1924, Ṣólàńkẹ́ ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà, ẹni tó fi joyè Ìyálóde.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbà pé ó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo iṣẹ́ WASU. Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan fún wọn ní 1928, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti 1929 dé 1932, Ṣólàńkẹ́ ń ti ìlú bọ́ sí ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, oníṣòwò àti ará ìlú. Owó yìí ni wọ́n fi ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Road ní 1933. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ló ń mójú tó ilé náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi rí ibi sùn níbẹ̀, ó rí oúnjẹ tó mọ̀, ó sì rí àwọn tí wọ́n jọ ń jiyàn ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Kété lẹ́yìn náà ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé tirẹ̀, Aggrey House. WASU kọ̀ jálẹ̀: wọ́n ní ilé tí ìjọba amúnisìn bá ń darí yóò di ibi tí wọ́n á ti máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pe àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n má ṣe débẹ̀. Ìgboyà ńlá ni èyí fún ẹgbẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ìjọba kan náà dá owó sí ilé WASU tuntun tí wọ́n ṣí ní Camden Square ní 1938.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, igbákejì Winston Churchill tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU pé gbogbo ẹ̀yà ayé ni ìlérí òmìnira inú Àdéhùn Àtìláńtíìkì, èyí tí Churchill àti ààrẹ Amẹ́ríkà jọ ṣe, wà fún. Churchill ní ti Yúróòpù nìkan ni. WASU di ọ̀rọ̀ Attlee mú. Ní 1942, wọ́n béèrè pé kí ìjọba fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àṣẹ láti máa ṣàkóso ilé ara rẹ̀, kí òmìnira pátápátá sì dé láàrin ọdún márùn-ún tí Ogun Àgbáyé Kejì bá parí. Nígbà tí Kwame Nkrumah dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, ó di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Lẹ́yìn ogun, èdè-àìyedè wọ àárín Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìlànà sóṣíálíìsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ṣólàńkẹ́ kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku ọdún méjì.