Komah: Láti orí ebè dé orí owó ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ Komah la gbé wá lónìí.

Ẹni tó bá dé Sokodé báyìí á rò pé àdúgbò kan lásán ni Komah. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Abúlé Kotokólì ni láti ilẹ̀ wá, ọ̀kan nínú àwọn abúlé ìdílé Mola tí oyè ọba Tchaoudjo máa ń yí kàn. Iṣu àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn, oko ni owó ilé ti ń wá. Sokodé ló gbòòrò tó wá bá Komah nílé.

Ọ̀nà ló mú Sokodé gbòòrò. Àwọn tó ń ru obì láti ilẹ̀ Aṣáńtì lọ sí ilẹ̀ Haúsá ń gba agbègbè náà kọjá, àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí sì tẹ̀dó sí Didaouré. Nígbà tí àwọn Jámánì dé, wọ́n fi ibùdó ìjọba síbẹ̀. Zongo, irú èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Sábó, dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kabiyè àti Losso wá láti àríwá, àwa tí wọ́n ń pè ní Nàgó náà sì dé pẹ̀lú ọjà lórí. Nígbà ìkànìyàn 2010, èèyàn Sokodé ti lé ní 90,000.

Níbi tí ìlú bá ti wọ oko, ilẹ̀ iṣu á di ilẹ̀ ilé. Àwọn ọ̀dọ́ Kotokólì ti ń lọ wá iṣẹ́ ní Gáná tipẹ́, nígbà tó yá wọ́n ń lọ sí Nàìjíríà. Owó ilé kúrò lórí ebè, ó di owó ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ọ̀nà ṣe ń ṣe.

Ní November 18, 1969, ìjọba Busia ní Gáná fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Yorùbá àti Kotokólì jọ di ẹrù ni. Ní January 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé. Àwọn ará Gáná ló pọ̀ jù, báyìí ni báàgì “Ghana Must Go” ṣe gba orúkọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Tógò wà nínú wọn.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn àti ìyanṣẹ́lódì 1992 sí 1993, ọ̀pọ̀ ọmọ Sokodé forí lé Jámánì. Ní January 1994, wọ́n dín iye owó séfà kù sí ìdajì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi 100 máàkì ránṣẹ́, tó ń gba nǹkan bí 17,000 séfà tẹ́lẹ̀, wá ń gba nǹkan bí 34,000. Ẹni tí kò ní ọmọ lókè òkun, owó iṣẹ́ rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì, òògùn àti epo ọkọ̀ ti wọ́n. Agbo ilé méjì tó fara kan ara wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n Jámánì náà ń dá èèyàn padà. Àwọn tí wọ́n lé bọ̀ pọ̀ ní Sokodé débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé ẹnì kan, oúnjẹ èèyàn mélòó ló dúró yẹn?

A ò bú ẹni tó rìnrìn àjò. Àjò ló tọ́ púpọ̀ nínú wa. Ohun tí ìtàn yìí ń sọ ni pé òfin ìlú mìíràn ló ń di owó ọ̀nà mú, ọjọ́ kan náà ló sì lè já a. Nítorí náà, ká tó pe ilé kan ní ilé olówó, ká bi í pé kí ló kù nílé tí ọ̀nà bá dí: ilẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni, àbí ìsọ̀ lọ́jà?

Ẹ̀yin ará Kambolé, ilẹ̀ oko ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wo Komah dáadáa kí ẹ tó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Komah, kí ni àwọn àgbà yín sọ nípa 1969? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn ọmọ rí i kà.