Oúnjẹ Olówó Pọ́ọ́kú Nílẹ̀ Kétu

Oṣù Karùn-ún ni a ń mọ ìyá tó gbọ́n nídìí ààrò ní Adakplamè. Àgbàdo ọdún tó kọjá ti ń tán lọ nínú àká, tuntun ṣì wà ní ìwọ̀n orúnkún lóko, ẹ̀wà ti gbówó lórí lọ́jà, iṣu tuntun sì di nǹkan bí oṣù Kẹjọ kó tó wọlé. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ń bọ̀ láti ilé-ìwé lọ́sàn-án, bàbá wọn ń bọ̀ láti oko nírọ̀lẹ́, ààrò kò sì gbọdọ̀ tutù. Ohun tí obìnrin ń sè lásìkò bẹ́ẹ̀ ní ìtàn, ìtàn náà sì gùn. Kò sí oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú kan tí ìdílé ń jẹ nílẹ̀ Kétu lónìí tí ẹnìkan kò kọ́kọ́ dán wò, tí kò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí kò tún un ṣe, kó tó di ohun tí ọmọ ń sunkún béèrè.

Adakplamè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́fà tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kétu, ní ẹ̀ka Plateau, lórílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá, Ọ̀họ̀rí, Mahi àti Fọ̀n ló jọ ń gbé ilẹ̀ Kétu, orúkọ Adakplamè fúnra rẹ̀ sì dún bí èdè Gbè, ìdílé èdè tí Fọ̀n wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun inú ìkòkò fi ń jẹ́ orúkọ méjì níbẹ̀. Ohun tí ẹnìkan ń pè ní ẹ̀kọ, akasa ni lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀. Kódà iná tí wọ́n kọ́kọ́ fi dáná ní Kétu, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Fọ̀n, tí àwọn baba ńlá bá nítòsí, ni wọ́n ti tọrọ rẹ̀. Ìlú tó fi iná ìdáná bẹ̀rẹ̀ ìtàn ara rẹ̀, ó yẹ kí òpìtàn dúró díẹ̀ nídìí ààrò rẹ̀.

Kí àgbàdo tó dé, iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni ilẹ̀ yìí gbójú lé. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà náà gba ọ̀nà òkun yẹn wá. Kò sí ẹni tó bá wọn rán ìlànà bí a ṣe ń sè wọ́n. Àwọn obìnrin ló mú àlejò lọ sídìí ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ògì bàbà ṣì wà títí dòní, ó pọ́n bí osùn, ó sì ń jẹ́rìí pé rírẹ, lílọ̀, sísẹ́ àti fífi sílẹ̀ kó kan kì í ṣe ti àgbàdo nìkan.

Ẹ wo bí ìyá ṣe ń ná àgbàdo kan ṣoṣo. Yóò rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ. Eèrí tó kù lórí asẹ́ di ti ewúrẹ́. Ògì tó rọ̀ sísàlẹ̀ di mímu ọmọ láàárọ̀. Èyí tó bá kù, ó rò ó nípọn, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó di ẹ̀kọ tí a ó fi jẹ ọbẹ̀ lọ́sàn-án. Omidùn tó wà lókè kò ṣòfò, òun ni wọ́n fi ń rẹ egbò àti ewé àgbo. Oúnjẹ méjì, oògùn kan àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, gbogbo rẹ̀ láti inú agolo àgbàdo mélòó kan.

Àwọn onímọ̀ wá bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1994, Joseph Hounhouigan, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Abomey-Calavi, kọ ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Wageningen, ní Netherlands, lórí mawè, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí a pò tí a sì fi sílẹ̀ kó kan. Ohun tí ìyá ń fi imú àti ahọ́n mọ̀, òun fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n: àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú un kan, àti bí kíkan náà ṣe ń pọ̀ sí i láti wákàtí dé wákàtí.

Ẹ̀gẹ́ ló gba ìdánwò tó léwu jù. Májèlé wà nínú rẹ̀, pàápàá irú èyí tó korò, ẹni tó bá sì kánjú jẹ ẹ́ lè fi ẹ̀mí dí i. Kí a rin ín, kí a fi í sínú àpò, kí a gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ yóò fi ro dànù, kí ó kan, kí a tó yan án nínú agbada: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń lé májèlé náà jáde. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kópa nínú títan ọgbọ́n gàrí kálẹ̀ ní etíkun, ní Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó, kó tó wọnú ilẹ̀ lọ. Gàrí kò gba igi ìdáná mọ́ lẹ́yìn tó bá ti yan tán. Fún ilé tí igi ti wọ́n, ohun ńlá nìyẹn.

Ogun náà dé bá ìkòkò. Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì dó ti Kétu títí ebi fi wọ inú ìlú. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́rú lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Abomey ní 1892 ni àwọn tó wà láàyè rí ọ̀nà padà wá tún ilé kọ́. Ẹni tó bá jẹun nílé onílé fún ọdún mẹ́fà kò lè padà wá láìmú adùn kan bọ̀ lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ kò sì padà mọ́ láé. Àwọn tí wọ́n ti tà kọjá òkun ṣáájú ìgbà yẹn gbé àkàrà dé Bahia, ní Brazil, ó di acarajé. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ di abará, wọ́n ṣì ń wé e sínú ewé. Ẹ̀kọ di acaçá. Ilé òrìṣà kan tó ń jẹ́ orúkọ Alákétu wà ní Salvador títí di òní, ìjọba Brazil sì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń din acarajé sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà ní 2005. Ẹ̀wà, àgbàdo, epo pupa àti ewé ni ìpìlẹ̀ àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Oúnjẹ tálákà ló la òkun já.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó kọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù kò pọ̀. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tẹ àpilẹ̀kọ méjì jáde ní 1951, ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, èkejì lórí bí a ṣe ń sè é. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó dunni pé kì í ṣe Kétu ni ó ti ṣe é.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní Nàìjíríà, ni ìdánwò ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn dókítà. Láti bí 1957 ni dókítà David Morley ti ń wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún níbẹ̀ lóṣooṣù, tó ń fa ìlà ìdàgbàsókè wọn sórí káàdì. Ìṣòro náà hàn kedere: ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí a wá fi ògì lásán bọ́, ń rù. Ní Òṣòdì, ní Èkó, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, wọ́n sì pè é ní soy-ogi. Àbá rere ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ inú agolo ilé-iṣẹ́, owó agolo àti owó ọkọ̀ yóò gùn ún lórí. Ìyá tó bá lọ ẹ̀pà yíyan tàbí ẹ̀wà bíbó, tó rò ó pọ̀ mọ́ ògì ọmọ rẹ̀ nílé, lè rí èrè tó jọ ọ́ ní owó tó kéré.

Irú ni ó yẹ kí a dúró tì jù. Wọ́n á se wóró irúgbá láti òwúrọ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n gún un kí èèpo rẹ̀ bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á sì dì í mọ́ inú ooru fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta títí yóò fi yọ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba àgbàlá. Paulin Azokpota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Benin fi afitin, irú àti sonru wéra nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006: wóró igi kan náà, ọwọ́ ìyá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun mẹ́ta tó yàtọ̀. Nígbà tí wóró irúgbá sì ń wọ́n sí i, àwọn alásè kan gbé sóyà sí ipò rẹ̀, wọ́n sè é bákan náà. Ó jẹ́. Wọn kò dúró de ilé-iṣẹ́ kankan kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ̀wà náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ó le, ó ń jẹ igi, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi káún sè é kó lè tètè rọ̀. Yann Madodé kọ odidi ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ní 2012 lórí bí àwọn ará Benin ṣe ń sè é, káún náà sì wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, ìbéèrè ni bí omi ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó. Omi púpọ̀ ń fi kún iye ewé tí a ó pọ́n, ó sì ń sọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ di ẹ̀rọ̀. Ìyá á fi ọwọ́ lu ẹ̀wà lílọ̀ títí yóò fi wú, á kán ẹ̀kán kan sínú omi. Bó bá léfòó, ó ti gba afẹ́fẹ́ tó. Kò sí ìwọ̀n tó yá ju ìyẹn lọ.

Ètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kò sí lórí bébà ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọjà ọrọọrún ni wọ́n fi ń kà á. Ọjọ́ ọjà jẹ́ ti ẹja àti tòmátò tútù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé, tẹ̀tẹ̀, ewédú tàbí ìgbagbá, pẹ̀lú ẹ̀kọ. Bí ọjà mìíràn bá ti ń súnmọ́, tí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilá gbígbẹ, irú, gàrí àti ẹ̀wà elépo pupa ló kù tí yóò gbé ilé ró. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Láti 2017 ni ìjọba Benin ti bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé-ìwé káàkiri orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé. Ètò tó yẹ kí gbogbo wa gbè lẹ́yìn ni. Kí àwọn tó ń pinnu ohun tí ọmọ yóò jẹ lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ẹtì wá jókòó ti àwọn ìyá Adakplamè ní oṣù Karùn-ún, kí wọ́n wo ohun tó wà nínú ìkòkò wọn lọ́jọ́ tí ọjà ku ọ̀la, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ obìnrin tó kọ́ wọn.