Omi Gbígbóná Láti Orí Òrùlé: Ìtàn Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Oòrùn Mú Omi Gbóná

Ẹni tó bá ti ṣí ẹ̀rọ omi lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú ilé tí táǹkì rẹ̀ dúdú tó sì wà níta gbangba, mọ̀ pé oòrùn lè mú omi gbóná láìsí pé ẹnikẹ́ni dáná sí i. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kan ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n á kun táǹkì onírin ní ọ̀dà dúdú, wọ́n á sì gbé e síbi tí oòrùn yóò ti máa pa á. Omi náà ń gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ti mọ́ tipẹ́ kó tó gbóná, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, kì í pẹ́ tó fi ń tutù.

Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà há ooru náà mọ́ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1767, Horace-Bénédict de Saussure, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Geneva ní Switzerland, kan àpótí, ó fi gíláàsì bò ó lórí ní ìpele ìpele, ó sì gbé e sínú oòrùn. Ooru inú àpótí náà ju èyí tí omi fi ń hó lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba ara gíláàsì wọlé, ṣùgbọ́n ooru tó bá ti dé inú kò rọ́nà jáde bọ̀rọ̀.

Clarence Kemp ló so àpótí yìí pọ̀ mọ́ táǹkì dúdú àwọn àgbẹ̀. Sítóòfù àti àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń mú ilé móoru ló ń tà ní Baltimore. Ní 1891, ìjọba Amẹ́ríkà fún un níwèé ẹ̀rí pé òun ló hùmọ̀ ẹ̀rọ tó pè ní Climax: àwọn táǹkì dúdú tí wọ́n tò sínú àpótí onígíláàsì. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ti lọ lo ìsinmi níbòmíràn ló kọ́kọ́ polówó rẹ̀ fún, kí wọ́n má bàa máa dáná nítorí omi ìwẹ̀. Àmọ́ California ni ọjà rẹ̀ ti tà gan-an, nítorí èédú wọ́n níbẹ̀, oòrùn sì pọ̀. Ní 1897, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ilé tó wà ní Pasadena ló ti ní in.

Ìṣòro òru ṣì wà níbẹ̀, torí pé inú àpótí tó wà níta náà ni omi ń sùn. William J. Bailey, ẹnjiníà kan ní California, ló yanjú rẹ̀ ní 1909, èmi sì ka ọgbọ́n tó dá sí èyí tó ga jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Ó ya ibi tí omi ti ń gbóná sọ́tọ̀ kúrò níbi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó lẹ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ dúdú, ó kó o sínú àpótí onígíláàsì tí kò jìn. Ó wá gbé táǹkì sókè ju àpótí náà lọ nínú ilé, ó sì wé e dáadáa kí ooru má bàa sá. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, nítorí náà ó ń gòkè lọ sínú táǹkì fúnra rẹ̀, èyí tó tutù á sì sọ̀ kalẹ̀ wá sínú páìpù. Kò nílò ẹ̀rọ tí yóò máa fà á. Omi tó gbóná lọ́sàn-án ṣì máa ń gbóná di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìdí nìyẹn tí Bailey fi pe ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Day and Night, ìyẹn tọ̀sán-tòru. Nígbà tí òtútù líle mú ní California ní 1913, omi dì nínú páìpù, àwọn páìpù sì bẹ́. Bailey bá fi àdàlù omi àti ọtí, tí kì í tètè dì, sínú páìpù náà, kó máa gbé ooru lọ fún omi inú táǹkì láìjẹ́ pé wọ́n pàdé.

Kì í ṣe àléébù ara ẹ̀rọ náà ló lé e kúrò lọ́jà. Gáàsì ni wọ́n wà jáde lọ́pọ̀ yanturu ní àyíká Los Angeles láàárín 1920 sí 1930, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Bailey fúnra rẹ̀ yíjú sí ṣíṣe ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná. Ọjà ẹ̀rọ olóòrùn bá ṣí lọ sí Miami, ní Florida, níbi tó gbilẹ̀ débi pé ó lé ní ìdajì àwọn ará ìlú náà tó ń lò ó ní 1941. Ogun Àgbáyé Kejì dé, ìjọba gba bàbà tí wọ́n fi ń ṣe páìpù fún ohun ìjà. Lẹ́yìn ogun, iná mànàmáná di ọ̀pọ̀, àwọn tó ń tà á sì ń polówó rẹ̀ kíkankíkan.

Ní Israel, ọ̀wọ́n iná ló bí ẹ̀rọ olóòrùn tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọba fòfin de fífi iná mànàmáná mú omi gbóná láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Levi Yissar bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ olóòrùn tà. Ní 1955, Harry Tabor, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, fi ojú irin dúdú kan hàn tó ń gba ooru oòrùn mọ́ra, tí kì í sì í tú u dà nù bíi ti ọ̀dà dúdú lásán. Ṣùgbọ́n ìgbà tí owó epo rọ̀bì ga lẹ́yìn ogun tí Israel jà ní 1973 ni ìjọba múra sí i, òfin sì jáde ní 1980 pé kí àwọn ilé gbígbé tuntun máa ní in. Lónìí, ó ju mẹ́rin nínú ilé márùn-ún lọ tó ń lò ó.

Ọ̀wọ́n epo kan náà ló mú kí Ààrẹ Jimmy Carter ti Amẹ́ríkà gbé pátákó méjìlélọ́gbọ̀n tó ń mú omi gbóná sórí òrùlé White House ní 1979. Wọ́n tú wọn ní 1986, nígbà ìjọba Ronald Reagan, tí wọ́n ń tún òrùlé ṣe, wọn kò sì dá wọn padà. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Epo ti wọ́pọ̀ nígbà náà. Ilẹ̀ Ṣáínà ló wá gba ọjà náà lẹ́yìn èyí, pẹ̀lú ọ̀pá gíláàsì onílọ́po méjì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ jáde pátápátá. Ó ju ìdajì irú ẹ̀rọ yìí láyé lọ tó wà níbẹ̀.

Ní Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ń fi iná mànàmáná mú omi ìwẹ̀ gbóná, José Alano, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì ní Tubarão, rí ọ̀nà tí tálákà náà lè gbà ní tirẹ̀. Ní 2002, òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ọgọ́rùn-ún páálí mílíìkì ṣe ẹ̀rọ kan. Ike dúró fún gíláàsì, páálí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú dúró fún irin, páìpù oníke sì gba àárín wọn kọjá lọ sínú táǹkì tó wà lókè, gẹ́gẹ́ bí ti Bailey. Alano gba ìwé ẹ̀rí oníhùmọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ọ́ di òwò, ó sì kọ́ àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe lè ṣe é.