Camembert: Wàràkàṣì Tí Wọ́n Ń Yan Nínú Àpótí Rẹ̀

Camembert jẹ́ abúlé kékeré kan ní Normandy, nílẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni wàràkàṣì rọ́bọ́tọ́ tí wọ́n ń yan fún àlejò ti gba orúkọ. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé lọ́dún 1791, ìyàwó àgbẹ̀ kan, Marie Harel, gba àlùfáà tó ń sá fún ìjọba tuntun sílé, àlùfáà náà sì fi ọgbọ́n iṣẹ́ náà hàn án. Ìtàn náà dùn gan-an, ṣùgbọ́n wàràkàṣì Camembert ti wà ṣáájú rẹ̀: lọ́dún 1708, Thomas Corneille ti kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń tà á lọ́jà Vimoutiers. Ibi tí mo ti gbà fún Harel ni pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di òwò ńlá.

Àpótí ló gbé e dé ibi tó dé. Wàràkàṣì yìí rọ̀, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Orí koríko gbígbẹ ni wọ́n ń tò ó sí lọ sọ́jà. Rélùwéè gbé e dé Paris, àmọ́ kò lè kọjá ibẹ̀ lọ títí. Lọ́dún 1890, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Ridel fi pákó pópúlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àpótí pelebe tó ní ìdérí. Ìgbà náà ni Camembert bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ lọ sókè òkun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ń kó o fún àwọn ọmọ ogun Faransé lójú ogun, ọ̀pọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí sì mú ìfẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

Lọ́dún 1928 ni wọ́n ṣí ère Harel ní Vimoutiers. Bọ́ǹbù ba ère náà jẹ́ lọ́dún 1944, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ wàràkàṣì kan ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, ló sì dáwó fún ère tuntun tí wọ́n gbé síbẹ̀ lọ́dún 1953. Mi ò mọ oúnjẹ mìíràn tó so àwọn tó ń ṣe é pọ̀ báyìí.

Ẹni tó bá ti din wàrà Fúlàní mọ̀ pé kì í yọ́ nínú epo gbígbóná. Wọ́n ti se é lórí iná pẹ̀lú oje ewé bọ̀mubọ̀mu nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ó sì ti ki. Ti Camembert yàtọ̀. Oje inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń mú wàrà rẹ̀ dì, láìsè é. Lẹ́yìn náà, olu funfun wẹ́wẹ́ á hù bò ó, á sì máa rọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí àárín. Bí iná bá kàn án, inú rẹ̀ á ṣàn. Èyí tí òfin Faransé dáàbò bo orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1983, Camembert de Normandie, wàrà tútù tí wọn ò sè ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìgbákọ ni wọ́n ń fi bù ú sínú agolo, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, á sì wọn gíráàmù 250 ó kéré tán.

Láti yan án, ẹ bọ́ bébà ara rẹ̀, kí ẹ dá a padà sínú àpótí láìfi ìdérí bò ó. Irin tíntìntín ni kí wọ́n fi de àpótí náà: èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lè tú nínú ààrò. Ẹ fi ọ̀bẹ la ojú rẹ̀, kí ẹ ki aáyù àti táìmù bọ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ní ìwọ̀n ooru 180 ti tó. Bí ó bá ti ń tutù ló ń gan, nítorí náà kí àlejò ti jókòó, kí búrẹ́dì sì ti wà nílẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́.