Ta ló kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá?

Bí wọ́n bá bi wá pé ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá wo ló kọ́kọ́ jáde, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ni ọ̀pọ̀ wa máa dárúkọ. Ọdún 1938 ni ìyẹn jáde. Ṣùgbọ́n ní 1930, wọ́n ti tẹ ìtàn gígùn kan jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé l'Ékòó: ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Isaac Babalọlá Thomas ló kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa máa bá àríyànjiyàn èwo ló ṣáájú lọ. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni bí ọkùnrin yìí ṣe kọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà yẹn ná. Láàárín ọdún díẹ̀, ìwé ìròyìn Yorùbá ń jáde lọ́tùn-ún lósì. Adéoyè Dẹ́nìgà bẹ̀rẹ̀ Èkó Akéte ní 1922, E. A. Akintan gbé Ẹlẹ́tí Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News n'Íbàdàn ní 1924, Thomas náà sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Owó kò tó wọn. Òǹkàwé kò sì pọ̀ débi pé olóòtú á máa fojú di wọ́n. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé ló ń kún ojú ìwé, òun náà ló sì ń jẹ́ kí olóòtú mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń ka ohun tóun ń tẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú Akéde Èkó. Ó ní òun ti darúgbó, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń wá òun kiri nígbà èwe kò sí mọ́, òun sì fẹ́ ròyìn ìgbésí ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi ṣàríkọ́gbọ́n. Lẹ́yìn èyí, òmíràn dé. Báyìí ni lẹ́tà ń tẹ̀ lé lẹ́tà títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Thomas kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí ẹni tó kàn ń tẹ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ló ṣe ń ṣe.

Èkó sì gbà á! Àwọn kan gbà pé èèyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá, wọ́n ń káàánú rẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Àwọn mìíràn ń rò ó pé ta ni obìnrin yìí gan-an. Olóòtú ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn jáde.

Ẹ rò ó wò bí ìyẹn ṣe máa rí fún ẹni tó ń kọ̀wé. Ọkùnrin ni Thomas, ohùn obìnrin ló sì ń fi sọ̀rọ̀. Bí ohùn yẹn bá wọ́ níbì kan, kò ní í pẹ́ tí ẹnì kan l'Ékòó á fi sọ ọ́. Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí Sẹ̀gilọlá fi ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń ki orin ìgbà náà bọ inú ọ̀rọ̀, tó sì ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó tì í. Ẹni tó bá ti pàlọ́ fún ọmọdé rí mọ̀ ọ́n: bí ègbè bá ti ń falẹ̀, apàlọ́ á tètè wá nǹkan ṣe sí orin rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní àléébù tirẹ̀. Ẹkún àti ìrònúpìwàdà Sẹ̀gilọlá pọ̀ jù fún mi, mo sì fura pé torí pé àwọn èèyàn ń fẹ́ ìwàásù ni. Ẹni tó bá ń kọ̀wé lójú ọjà lè máa ta ohun tí ọjà ń rà. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ewu yẹn ju tiwa lọ. Àròkọ tí à ń kọ fún ìdánwò, ẹnì kan péré ló ń kà á. Á fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àmì ohùn tó ṣì, á kọ máàkì sókè, ó tán. Àmì ohùn ṣe pàtàkì o, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ ta ló tíì bi wá rí pé, "Obìnrin yẹn ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

Ní 2012, Karin Barber tẹ ìtàn náà jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kó àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn láti inú ìwé ìròyìn náà mọ́ ọn. Ìwé ọ̀hún wọ́n, kì í ṣe owó ọmọ ilé ìwé. Bí ilé ìkàwé yín bá ní i, ẹ má kà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ kan, bí àwọn ará Èkó ṣe kà á.